Básíkùlù oníẹ́ńjìnnì mi ń kú sórí òkè Ẹ̀fọ̀n, kí ni kí n ṣe sí i?

Ọmọ Adẹ́mu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo máa ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹmu ni mò ń tà. Àwọn ọ̀pẹ wa wà nísàlẹ̀ lọ́nà Ìtawùré, àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi sì wà lókè ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ẹni tó bá mọ títì yẹn mọ̀ pé òkè ni ṣáá, kọ́nà lórí kọ́nà.

Raleigh àtijọ́ tí bàbá mi ń gùn ni mo gbé ẹ́ńjìnnì sí, two-stroke tí wọ́n ń pè ní 80cc, èyí tó máa ń wá láti Ṣáínà nínú páálí pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Sprocket ẹ̀yìn (irin eléyín tí ṣéènì ń yí) tó bá a wá jẹ́ eléyín 44. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 méjì ni mo máa ń so mọ́ ọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sí wàhálà kankan, mo tiẹ̀ máa ń ya àwọn ọlọ́kadà míì sílẹ̀. Àmọ́ tí òkè bá ti bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, gbùrù-gbùrù-gbù. Mo fa throttle (ọwọ́ tí a fi ń fún un lépo) tán, kò gbọ́. Á kú. Bí mo ṣe máa ń tì í dókè nìyẹn, tèmi tẹmu tó ń hó. Ẹmu kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí oòrùn bá pa á lójú títì, ó ti kan kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń rà á, owó tó yẹ kó san á sì já.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà tó wà ládùúgbò wa ní kí n ra ẹgísọ́ọ̀sì gígùn tó wú níkùn yẹn, expansion chamber, pé ibẹ̀ ni agbára wà. Ẹlòmíì ní kí n tú ẹ́ńjìnnì náà dànù, kí n ra òmíràn. Owó kò sí nílẹ̀ fún méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe?

Wálé Mọ́kọ́lá
Ra ọ̀kadà, ọ̀rẹ́. 😂

Ọmọ Adẹ́mu
Bọ̀ọ̀dá Wálé, tí owó ọ̀kadà bá wà lọ́wọ́ mi, ṣé ibí ni ẹ máa bá mi?

Baba Ṣéènì
Ẹ jẹ́ ká fi àwàdà sílẹ̀ ná. Ọmọ Adẹ́mu, má tíì ra nǹkan kan. Dá mi lóhùn àkọ́kọ́.

Nígbà tó bá fẹ́ kú lórí òkè, ṣé ohùn ẹ́ńjìnnì ń lọ sókè tí básíkùlù ò sì rìn, àbí ohùn náà ń wálẹ̀ pẹ̀lú básíkùlù? Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí táyà ò yára, clutch ló ń yọ̀, kò sí ohun tí ẹgísọ́ọ̀sì lè ṣe sí ìyẹn. Tí ohùn bá ń wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹrù ló wúwo ju jíà lọ, tàbí kí ẹ́ńjìnnì má jẹun dáadáa.

Lẹ́yìn náà, gun òkè náà títí ibi tó ti fẹ́ kú, pa á níbẹ̀ gan-an, má jẹ́ kó sáré lásán. Jẹ́ kó tutù díẹ̀, tú púlọ́ọ̀gì, wo ẹnu rẹ̀. Àwọ̀ wo ni?

Ẹ̀kẹta, báwo lo ṣe ń po epo rẹ̀?

Ọmọ Adẹ́mu
Ẹ ṣé, Baba. Ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀ ni, kì í ké rárá. Mo tú púlọ́ọ̀gì lónìí bí ẹ ṣe wí. Dúdú ni, ó tún tutù, bí ẹni pé wọ́n fi ọ́ìlì pa á lára. Epo, bí wọ́n ṣe ń po ti I-better-pass-my-neighbour la ṣe ń po ó: màá ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì, màá sì da ọ́ìlì two-stroke sí i títí àwọ̀ rẹ̀ á fi yí padà.

Baba Ṣéènì
"Títí àwọ̀ rẹ̀ á fi yí padà." Háà! Ọmọ mi, ojú kọ́ la fi ń po ó.

Ọ́ìlì pọ̀ jù níbẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tó dúdú tó sì tutù ń sọ fún ọ pé ohun tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì ju ohun tó lè jó lọ. Tó bá funfun bí ẹfun, epo ò tó nìyẹn, ìyẹn gan-an ló léwu, torí ó lè jó piston níbi tí o bá ti ń fà á tán lórí òkè gígùn. Ohun tí à ń wá ni àwọ̀ tó pọ́n díẹ̀, bíi ti búrẹ́dì tó jinná.

Wá ìgò tí wọ́n fi ń fún ọmọ ní oúnjẹ, ó ní àmì ml lára. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ kì í ṣe tuntun mọ́, lítà epo kan, ọ́ìlì two-stroke 40 ml. Lítà 5, 200 ml. Ìyẹn ni 25 sí 1. Tuntun nìkan ló máa ń fẹ́ kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, 16 sí 1, títí iṣẹ́ á fi mọ́ ọn lára. Má sì lo ọ́ìlì ọkọ̀ o, ti two-stroke ni. Mì ín dáadáa kí o tó dà á sínú táǹkì.

Lẹ́yìn ìyẹn, tú ìdí sàlẹ́ńsà. Irú tó bá páálí wá yẹn ní bọ́ọ̀tù kan ní ẹ̀yìn, tí o bá tú u, inú rẹ̀ á fà yọ. Ó dá mi lójú pé o máa bá èédú níbẹ̀. Ọ́ìlì tí kò jó ló ń di èédú, èédú sì ń dí ihò tí èéfín ń gbà jáde, ẹ́ńjìnnì tí kò lè mí kò lè gun òkè. Ha á, fi epo fọ̀ ọ́, dá a padà. Filter afẹ́fẹ́ náà, eruku ọyẹ́ ti dí i pa lára ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀ kan.

Ìyá Tólú
Baba, mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, àfi pé mo fẹ́ fi kan kún un. Ẹ ní kó tún wo ibi tí kàbúrétọ̀ ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kì í dára nínú páálí. Tí afẹ́fẹ́ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, bó ṣe ń fún un lépo kò ní dọ́gba láéláé. Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ títí mo fi gé gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn fún un.

Àwọn kan á ní kí o sọ abẹ́rẹ́ kàbúrétọ̀ kalẹ̀. O lè gbìyànjú rẹ̀: tí o bá gbé àgékù irin kékeré tó di abẹ́rẹ́ náà mú sí ihò tó ga jù lára rẹ̀, epo á dín kù. Ṣùgbọ́n àárín throttle nìyẹn ń ràn lọ́wọ́. Ní ibi tí o bá ti fà á tán, jet ńlá (ihò tí epo ń gbà nínú kàbúrétọ̀) ló ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Orí òkè, ṣé fífà tán náà kọ́ ni? Nítorí náà má ṣe lo gbogbo ọjọ́ lórí abẹ́rẹ́.

Onímọ̀-Ẹ̀rọ Abẹ́òkúta
Ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò sí i, kí arákùnrin wa lè mọ ohun tó ń dààmú ẹ́ńjìnnì yìí.

Àkọ́kọ́, kì í ṣe 80cc. Ẹnu sílíńdà rẹ̀ jẹ́ mm 47, piston rẹ̀ ń rin mm 38. Ṣe ìṣirò rẹ̀, 66cc ló máa jẹ́. Wọ́n kàn kọ 80 sára páálí ni.

Èkejì, ẹrù. Ẹ jẹ́ ká ní ìwọ fúnra rẹ jẹ́ kílò 70, básíkùlù pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kílò 35, kẹ́ẹ̀gì méjì kílò 50. Gbogbo rẹ̀ 155. Ká ní òkè náà ń ga ní mítà 10 láàárín mítà 100. Láti fi kìlómítà 15 ní wákàtí kan gùn ún, táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ rí bíi wáàtì 630 gbà, ká tó sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ àti títì tó ń fà á sẹ́yìn. Láìsí kẹ́ẹ̀gì, bíi 430 ni. Ẹmu nìkan gba 200 níbẹ̀! Ẹ́ńjìnnì yìí lè pèsè 630, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tó bá ti ń yí jẹ́jẹ́. Two-stroke kékeré gbọ́dọ̀ máa yí kíákíá kó tó lágbára. Bí òkè bá ti fà á sílẹ̀, agbára rẹ̀ á dín, bí agbára bá dín, òkè á tún fà á sílẹ̀ sí i. Gbùrù-gbùrù tí o ń gbọ́ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ: Raleigh. Táyà 28 ni tirẹ̀. Táyà 26 tí wọ́n ṣe irú ẹ̀rọ yìí fún, ìyípo rẹ̀ jẹ́ bíi mítà 2.07. Ti 28 tó mítà 2.23. Ìyẹn ni pé táyà rẹ ti jẹ́ kí jíà ga ju ti ẹlòmíì lọ ní bíi ìdá 8 nínú 100 kí o tó kúrò nílé.

Wo jíà náà fúnra rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì, ó dín eré kù ní 4.1. Sprocket iwájú eléyín 10 sí ẹ̀yìn eléyín 44, 4.4. Tí o bá sọ wọ́n di púpọ̀, 18: ẹ́ńjìnnì á yí nígbà 18 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Tí o bá pààrọ̀ ti ẹ̀yìn sí eléyín 50, á di 20.5. Ipá tí táyà fi ń ti ilẹ̀ á fi ìdá 13 ó lé díẹ̀ nínú 100 pọ̀ sí i. Tó bá jẹ́ eléyín 56, ìdá 27. Ohun tí o máa fi san án ni eré. Ní ìyípo 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, 44 ń gbé ọ ní bíi kìlómítà 37 ní wákàtí kan, 50 á gbé ọ ní 33, 56 ní 29. Ṣé o nílò 37 pẹ̀lú ẹmu lẹ́yìn?

Ọmọ Adẹ́mu
Rárá o. Tí mo bá sá 37 pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, èmi àti kẹ́ẹ̀gì la jọ máa wà nínú gọ́tà.

Rafiu Kétu
Ẹ ǹlẹ́ o láti Kétu. Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí Mobylette. Ọ̀dọ̀ wa níbí ní Bẹ̀nẹ̀, gbogbo tíṣà àti gbogbo tó ń lọ sóko ló gùn ún nígbà kan. Èyí tó ní variateur, bí òkè bá dé, bẹ́líìtì rẹ̀ á sún jíà wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké, á máa lọ díẹ̀díẹ̀, kò ní kú. Èyí tí kò ní in, pẹ́dàlì lo máa fi ràn án lọ́wọ́. Ẹ wò ó, ìdí tí wọ́n fi fi pẹ́dàlì sí i náà nìyẹn! Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gun òkè, ẹsẹ̀ wọn á kàn gbé sórí pẹ́dàlì láìwà á.

Ọmọ Adẹ́mu, máa wa pẹ́dàlì kí ohùn tó wálẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti fẹ́ kú. Kódà díẹ̀ ni.

Ọmọ Adẹ́mu
Mo máa ń wà á, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti ń kú ni. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Túńdé Sheffield
Ẹ kú ilé o. Ìlú tí mo wà yìí, Sheffield, òkè ni gbogbo rẹ̀, kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ lọ tí kò ní gùn. Ti oníná ni mò ń gùn, èyí tí mótò rẹ̀ wà ní àárín níbi pẹ́dàlì. Òfin ibí kò jẹ́ kó ju wáàtì 250 lọ ní kíkọ sílẹ̀, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sì ń já tí o bá ti dé máìlì 15.5 ní wákàtí kan. Síbẹ̀ ó ń gun òkè tó le. Ohun tó fà á ni pé agbára mótò ń gba inú jíà básíkùlù kọjá, bí mo bá fi í sí jíà kékeré, mótò náà á yí bó ṣe fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní èyí tí mótò wà nínú hub ẹ̀yìn (àárín táyà, níbi tí wáyà rìímù ti so mọ́), kò sí jíà tó lè ràn án lọ́wọ́, lórí òkè kan náà ó máa ń gbóná.

Wálé Mọ́kọ́lá
Túńdé, iná tó máa chárjì rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n ńkọ́? 😄

Túńdé Sheffield
Bọ̀ọ̀dá, n kò ní kó ra oníná. Mo kàn ń fi ẹ̀rí gbè ẹni tó sọ̀rọ̀ sprocket lẹ́sẹ̀ ni. Wáàtì 250 pẹ̀lú jíà tó bá a mu lè ṣe ohun tí ẹ́ńjìnnì ńlá pẹ̀lú jíà burúkú ò lè ṣe.

Mẹkáníìkì Ọ̀ṣun
Mo ń ka gbogbo rẹ̀, inú mi ò dùn sí bí ẹ ṣe ń fojú di expansion chamber. Mo ti so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ó yí padà pátápátá. Eré tó ń sá, ẹ ò lè gbà gbọ́.

Onímọ̀-Ẹ̀rọ Abẹ́òkúta
Eré, òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn. Páìpù yẹn ń rán ìró èéfín padà sí ẹnu ihò lásìkò tó yẹ, kí epo tútù tó fẹ́ bá a jáde lè padà wọlé. Àsìkò tó yẹ yẹn kì í wáyé àfi ní ìyípo tó ga. Nísàlẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì arákùnrin wa ti ń kú, ó lè má ràn án lọ́wọ́ rárá, nígbà míì ó tiẹ̀ ń dín in kù. Tó bá kọ́kọ́ pààrọ̀ sprocket tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí sókè lórí òkè, nígbà náà páìpù lè wúlò. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ ni kó kọ́kọ́ ṣe.

Mẹkáníìkì Ọ̀ṣun
Ó dáa, mo gbà pé sprocket ló kọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má pe páìpù ní àṣejù.

Wẹ́dà Gate
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ sprocket, ẹ ò sọ ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á lọ ra ti ọ̀kadà torí ó pọ̀ lọ́jà. Ṣéènì ọ̀kadà 428 àti ṣéènì ẹ̀rọ yìí 415, àlàfo láàárín eyín wọn dọ́gba, ìdajì ínṣì ni méjèèjì. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń tan èèyàn jẹ. Ṣùgbọ́n eyín ti ọ̀kadà nípọn ju inú ṣéènì 415 lọ, kò ní wọ̀ ọ́. Àfi tí o bá ní ẹni tó lè fi ẹ̀rọ lathe fá a tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọ. Mo ti ṣe é fún àwọn kan níbí ní Gate, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni. Tí o bá lè rí ti 415 gan-an, rà á.

Má sì sáré lọ sí 56. Sprocket 44 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18, 50 tó 20, 56 fẹ́ẹ̀ tó 23. Raleigh ò ṣí àyè púpọ̀ sílẹ̀ láàárín táyà àti irin fréèmù. Fi páálí gé ìwọ̀n rẹ̀, gbé e síbẹ̀, yí táyà, wò ó bóyá á kan fréèmù, kí o tó náwó.

Ṣéènì náà á kúrú. Eyín 6 tó pọ̀ sí i gba ìsopọ̀ 3 sí i, ṣùgbọ́n ìsopọ̀ ṣéènì gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì-méjì, nítorí náà fi 4 kún un, kí o fi ohun tó ń fa ṣéènì le fa èyí tó bá ṣẹ́kù. Ohun tó ń fa ṣéènì yẹn, ẹ dákun, ẹ so ó le. Ó máa ń yí wọ inú wáyà rìímù, táyà ẹ̀yìn á há lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rí ẹni tó fò kọjá lórí hándù.

Ìyá Tólú
Wẹ́dà ti sọ̀rọ̀ gígun òkè, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ sísọ̀kalẹ̀. Ọmọ Adẹ́mu, nígbà tí o bá ń padà sí Ìtawùré, ṣé o máa ń pa throttle kí ẹ́ńjìnnì máa fà ọ́ sẹ́yìn?

Ọmọ Adẹ́mu
Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Búréèkì Raleigh ò tó, irin gígùn nì ló ń fà á.

Ìyá Tólú
Má ṣe é mọ́ ní ibi tó gùn. Two-stroke, inú epo ni ọ́ìlì rẹ̀ ń gbà wọlé. Tí throttle bá wà ní pípa tí táyà sì ń fi ipá yí ẹ́ńjìnnì, epo ò wọlé, ọ́ìlì náà ò wọlé, piston á máa fi ara gbígbẹ rin. Fa clutch mọ́ra, tàbí kí o máa fún un ní epo díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ. Kí o sì pààrọ̀ rọ́bà búréèkì. Dókè dókè ni gbogbo yín ń sọ, ìsàlẹ̀ ló ń pa èèyàn.

Baba Ṣéènì
Ẹ ṣé, ìyàwó wa. Òótọ́ gan-an ni.

Ọmọ Adẹ́mu
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo padà wá jábọ̀. Mo tú sàlẹ́ńsà. Baba, èédú tí mo bá níbẹ̀, ihò tí èéfín ń gbà kò ju ìka ọmọdé lọ. Mo ha á, mo fọ filter, mo gé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun bí Ìyá Tólú ṣe wí, mo sì lo ìgò ọmọ ìyàwó mi láti wọn ọ́ìlì (ó bínú, mo ra òmíràn fún un). Púlọ́ọ̀gì ti ń pọ́n. Pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kan, mo gun òkè náà dé Ẹ̀fọ̀n láìsọ̀kalẹ̀, mo ń wa pẹ́dàlì láti ìsàlẹ̀. Pẹ̀lú méjì, ó ṣì ń kú níbi kọ́nà tó le jù. Nítorí náà mo ti ní kí wọ́n bá mi wá eléyín 50. Wẹ́dà, ṣé ihò rẹ̀ máa bá ti tàtijọ́ mu?

Wẹ́dà Gate
Ihò 9 ni wọ́n máa ń lu sí i. Wáyà rìímù 36 ni wọ́n ṣe é fún, bọ́ọ̀tù kan láàárín wáyà mẹ́rin mẹ́rin. Ka wáyà ẹ̀yìn rẹ fún mi.

Ọmọ Adẹ́mu
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. 40 ni.

Wẹ́dà Gate
Mo mọ̀! Raleigh àtijọ́, 32 níwájú, 40 lẹ́yìn. Báwo ni wọ́n ṣe so ti 44 mọ́ ọn nígbà yẹn?

Ọmọ Adẹ́mu
Bọ́ọ̀tù 6 ló wọ̀. Àwọn tó kù, ẹni tó so ó ní kí n má dààmú.

Wẹ́dà Gate
Dààmú o! Sprocket tó tóbi sí i á tún máa fa wáyà wọ̀nyẹn le sí i, tí kò bá jókòó gbọnrangandan, ṣéènì á fò. Má so 50 mọ́ wáyà rárá. Adapter kan wà tó máa ń di hub mú, sprocket á wá so mọ́ ìyẹn, kò ní kan wáyà. Hub Raleigh tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tí wọ́n ń ṣe adapter fún lọ, nítorí náà màá yí òrùka irin kan tó máa kún àlàfo rẹ̀. Wé òwú mọ́ àárín hub lẹ́ẹ̀kan, wọn òwú náà lórí rúlà, fi iye mm rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Tú táyà ẹ̀yìn nìkan, gbé e wá sí Ìbàdàn, má gbé gbogbo básíkùlù. Kí o sì mú sprocket 50 náà dání, màá lu ihò adapter bá tirẹ̀ mu.

Ọmọ Adẹ́mu
Mo ti wọ̀n ọ́n, Bọ̀ọ̀dá, mo fi ránṣẹ́ síbi tẹ́ ẹ ti ń gba iṣẹ́. Ṣé ọjọ́ Àìkú ẹ máa ń ṣí?

Wẹ́dà Gate
Rárá, ọjọ́ Ajé ni kí o wá, láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀.